Eré ìdárayá kì í kọjá ọ̀sẹ̀ kẹta lọ́wọ́ mi: ẹ̀yin tí tiyín dúró, kí lẹ ṣe?

Ìyá Ìbejì Apẹtẹ (Ọjọ́ Ajé, 6:52 àárọ̀)

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí. Ẹni ọdún 41 ni mí, Apẹtẹ n'Ìbàdàn ni mò ń gbé, Sẹkitéríàtì l'Agodi ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Kílò 94 ni mo jẹ́ lórí ìwọ̀n lóṣù tó kọjá, mi ò sì ga ju mítà 1.63 lọ. Nígbà tí wọ́n wọn ẹ̀jẹ̀ ríru mi, 148 lórí 94 ni wọ́n bá. Wọ́n ní kí n padà wá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ṣùgbọ́n kí n ti bẹ̀rẹ̀ sí í wá bí màá ṣe fọn.

Kì í ṣe pé mi ò mọ ohun tó yẹ kí n ṣe. Ṣíṣe é dé ibì kan ni wàhálà mi. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún yìí, ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo ti bẹ̀rẹ̀. Mo kọ́kọ́ sanwó jíìmù oṣù mẹ́ta, ẹ̀ẹ̀mẹfà péré ni mo lọ. Mo ra okùn fífò, àwọn ìbejì ti fi so ewúrẹ́ mọ́lẹ̀. Èmi àti aládùúgbò mi kan wá ń jí sáré láago márùn-ún àbọ̀ ìdájí, ajá lé wa lọ́jọ́ kan, aládùúgbò mi ò tíì fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ eré láti ọjọ́ náà. Èyí tó kẹ́yìn ni obìnrin kan tó ń jó lórí fóònù tí mò ń bá a jó. Iná lọ, dátà tán, ijó parí.

Gbogbo ẹ̀, ọ̀sẹ̀ kẹta ni. Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́ ara mi á máa yá gágá. Tó bá wá di ọ̀sẹ̀ kẹta, màá gun ìwọ̀n, kò ní lọ sókè, kò ní wá sílẹ̀. Inú mi á bàjẹ́, màá ní kí wọ́n sáré lọ ra búrẹ́dì àti àkàrà wá.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ fún mi pé kí n ní ìpinnu. Ìpinnu kún ilé mi bíi ike.

Ọ̀rọ̀ Ò Kọjá Ẹ̀bà (Ọjọ́ Ajé, 7:30 àárọ̀)

Àǹtí mi, ẹ pa òkèlè tì. Oṣù kan péré, kílò 6 kúrò lára mi. Kò sí ẹ̀bà, kò sí àmàlà, kò sí fùfú. Wíìtì nìkan ni mò ń rò. Mi ò sá eré kankan.

Bàbá Kánfáàsì (Ọjọ́ Ajé, 8:05 àárọ̀)

@Ọ̀rọ̀ Ò Kọjá Ẹ̀bà, wíìtì tí ẹ ń rò, ṣé òkèlè kọ́ nìyẹn ni? Èmi náà pa ẹ̀bà tì lọ́dún kan. Ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi ṣe é. Ní alẹ́ ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún, ìyàwó mi bá mi nídìí ìkòkò láago kan òru.

Ìyá Ìbejì, ẹ má sáré rárá. Ṣúrùlérè ni mò ń gbé, gbogbo ìgbà ni mo máa ń rí àwọn tó bẹ̀rẹ̀ bíi tiyín ní pápá ìṣeré níbí: aṣọ tuntun, bàtà tuntun, eré àsápajúdé, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì ẹ ò ní rí wọn mọ́. Bí èmi náà ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Kílò 101 ni mo jẹ́ nígbà yẹn, mo ń sáré lórí ọ̀dà, orúnkún mi wú fún oṣù méjì gbáko. Ẹ rìn. Ìrìn tí ẹ bá rìn kíákíá tó.

Ohun tó wá jẹ́ kí tèmi dúró nìyí. Mo jáwọ́ nínú wíwá àyè fún un, torí àyè kì í sí. Mo kàn fi í sínú ohun tí mi ò lè ṣe kí n má ṣe. Mo ní láti gbé àwọn ọmọ lọ sílé ìwé ní gbogbo àárọ̀, àbí? Tí wọ́n bá ti bọ́ sílẹ̀, mi ò ní padà sínú ọkọ̀. Màá rìn yí ká àdúgbò náà fún ìdajì wákàtí kí n tó máa lọ. Ọdún kẹrin rè é. Ọjọ́ tí inú mi bá dùn, mo rìn. Ọjọ́ tí inú mi ò dùn, ọmọ ṣáà gbọ́dọ̀ délé ìwé.

Nọ́ọ̀sì Àdúgbò (Ọjọ́ Ajé, 1:18 ọ̀sán)

Ẹ kú ọ̀sán o. Nọ́ọ̀sì ni mí, ọdún 17 rè é. Ẹ jẹ́ kí n tètè dá sí i kí ẹnì kan tó lọ pa ebi mọ́ra.

@Ọ̀rọ̀ Ò Kọjá Ẹ̀bà, gàrí, èlùbọ́ àti ìyẹ̀fun wíìtì, tí ẹ bá wọn 100 gíráàmù wọn ní gbígbẹ, agbára inú wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, nǹkan bí 350 kálórì. Wíìtì tí wọ́n lọ̀ pẹ̀lú èèpo rẹ̀ máa ń pẹ́ nínú ju gàrí lọ, ìyẹn dára, ṣùgbọ́n òkìtì wíìtì ṣì jẹ́ òkìtì. Ó jọ pé ẹ dín ìwọ̀n tí ẹ ń jẹ kù láìfura ni. Díẹ̀ nínú kílò 6 yẹn, omi ni. Ara máa ń tọ́jú díẹ̀ nínú agbára oúnjẹ bíi iṣu àti gàrí sínú ẹ̀dọ̀ àti iṣan, omi ló sì fi ń tọ́jú rẹ̀. Tí ẹ bá dín irú oúnjẹ bẹ́ẹ̀ kù lójijì, omi náà á bá a jáde. Ọjọ́ tí ẹ bá padà sídìí àmàlà, á padà wá.

Ìyá Ìbejì, ibẹ̀ ni ọ̀sẹ̀ kẹta yín ti ń wá. Lọ́sẹ̀ kìíní omi ń lọ, ìwọ̀n ń rẹ́rìn-ín sí yín. Lẹ́yìn náà ló wá kan ọ̀rá, ọ̀rá kì í sì í yára. Kílò ọ̀rá kan tó nǹkan bí 7,700 kálórì. Ká ní ẹ fi 500 dín ohun tí ẹ ń jẹ kù lójúmọ́, ẹ ó lò tó ọjọ́ 15 kí kílò kan tó lọ. Láàárín ọjọ́ 15 yẹn, iyọ̀ inú ọbẹ̀, nǹkan oṣù, tàbí pé ẹ ò tíì yàgbẹ́ láàárọ̀ ọjọ́ náà, lè gbé ìwọ̀n sókè ní kílò kan tàbí méjì. Ọ̀rá ń lọ, ìwọ̀n ò rí i, ẹ wá ní kí wọ́n ra àkàrà.

Ẹ má sì retí pé ìrìn nìkan ló máa gbé e lọ. Ìrìn ìdajì wákàtí fún ẹni tó tó yín, ohun tó ń jó ò tó ṣíbí ìjẹun epo méjì. Ṣíbí ìjẹun epo kan, epo pupa ni o, òróró ni o, nǹkan bí 120 kálórì ni. Nítorí náà ẹ wo bí ẹ ṣe ń da epo sọ́bẹ̀ kẹ́ ẹ tó bá ẹ̀bà jà. Ìrìn wúlò fún ohun mìíràn: ó ń bá yín dín ẹ̀jẹ̀ ríru kù kódà kí kílò kan má tíì kúrò lára yín. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí àgbàlagbà máa ṣe ìṣẹ́jú 150 sí 300 lọ́sẹ̀. Ẹ fi ẹnu yín wọ̀n ọ́n: tí ẹ bá lè kọrin bí ẹ ṣe ń rìn, ẹ yára sí i. Tí ẹ ò bá lè sọ̀rọ̀, ẹ rọra.

148 lórí 94 kì í ṣe eré. Ọjọ́ tí wọ́n ní kí ẹ padà wá, ẹ padà lọ.

Ìyá Ìbejì Apẹtẹ (Ọjọ́ Ajé, 4:40 ìrọ̀lẹ́)

Nọ́ọ̀sì, ẹ ṣeun gan-an. Ẹnì kankan ò sọ ọ̀rọ̀ omi yẹn fún mi rí. Ẹ̀rín pa mí, inú sì bí mi.

Ẹnì kan níbi iṣẹ́ wa ń ta tíì kan tó ní ó ń fọ ọ̀rá inú. Ó ní kílò 4 lọ́sẹ̀ kan. Ṣé kí n gbìyànjú rẹ̀?

Télọ̀ Adùnní (Ọjọ́ Ajé, 9:11 alẹ́)

Ẹ gbé ìwọ̀n yẹn pamọ́ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ẹ wá tẹ́ẹ̀pù.

Ọdún 2009 ni mo ti ń ránṣọ, mo sì ní ìwé tí mo ń kọ ìwọ̀n oníbàárà sí. Ìwé yẹn ti rí nǹkan. Àwọn kan á wọlé, wọ́n á ní "Adùnní, mo ti fọn o", màá ṣí ìwé, ínǹṣì méjì ló ti lé. Oníbàárà mi kan wà tó ń sunkún pé gbogbo ìrìn tí òun ń rìn já sí asán, ìwọ̀n ò kúrò lójú kan. Mo wọn wéésì rẹ̀: ínǹṣì 42 ló wà nínú ìwé mi, 39 àbọ̀ ni mo bá. Òun gan-an ò mọ̀, nítorí bùbá àti ìró ló ń wọ̀ látàárọ̀ ṣúlẹ̀. Bùbá kì í sọ òótọ́ fún ẹnikẹ́ni. Ká sọ tòótọ́, torí ẹ̀ la ṣe fẹ́ràn rẹ̀.

Ẹ wá ṣíkẹ́ẹ̀tì kan tó ní sípù, tí kò ní rọ́bà nídìí, èyí tó fún yín díẹ̀. Ẹ máa wọ̀ ọ́ wò ní àárọ̀ ọjọ́ Sátidé kan lóṣù. Kì í ṣe ojoojúmọ́ o.

Nọ́ọ̀sì Àdúgbò (Ọjọ́ Ajé, 9:40 alẹ́)

Mo fara mọ́ ti télọ̀, ṣùgbọ́n ibi tí télọ̀ ń wọ̀n kọ́ ni àwa ń wọ̀n. Ẹ fi tẹ́ẹ̀pù yí agbedeméjì egungun ìhà tó kẹ́yìn àti orí egungun ìbàdí ká, ẹ mí síta, ẹ má fa ikùn wọlé. Fún obìnrin, tó bá ti kọjá sẹ̀ǹtímítà 80, ewu ti ń bẹ̀rẹ̀. Tó bá kọjá 88, ewu ti pọ̀.

Tíì: ẹ jọ̀ọ́, ẹ má mu ún. Ẹ yí páálí rẹ̀ padà, bóyá ẹ ó rí senna lára ohun tí wọ́n fi ṣe é. Ewé tó ń múni yàgbẹ́ ni. Omi àti ìgbẹ́ ni kílò 4 yẹn. Bí wọ́n bá sì kọ òògùn ẹ̀jẹ̀ ríru fún yín lọ́la, ó lè bá a jà.

Adérìn Peckham (Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 12:25 òru)

Ẹ kú déédéé àsìkò yìí. Ọmọ Ìjẹ̀bú ni mí, London ni mo wà. Ẹ máa ka ìṣísẹ̀ yín lórí fóònù. Ó gbọ́dọ̀ pé 10,000 lóòjọ́, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ kò ní ṣiṣẹ́.

Ọ̀rọ̀ tèmi gùn díẹ̀. Mo lo ètò kan tí NHS, àjọ ìlera ìjọba níbí, ṣe, tó ń kọ́ ẹni tí kò sáré rí títí á fi lè sá kìlómítà 5, ọ̀sẹ̀ 9 ni, ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀. Ọ̀sẹ̀ 9 tiwọn, èmi fi oṣù mẹ́rin ṣe é, kò sẹ́ni tó bú mi. Lẹ́yìn náà mo ń lọ sí parkrun, ìyẹn eré kìlómítà 5 tí àwọn èèyàn jọ ń sá, ní Burgess Park, gbogbo Sátidé láago mẹ́sàn-án àárọ̀, ọ̀fẹ́ ni. Ọdún 2004 ni wọ́n dá a sílẹ̀ ní Bushy Park, èèyàn 13 ló sáré lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ẹni tó bá wù ú lè rìn ín. Nígbà òtútù tí ilẹ̀ ti ń ṣú láago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, Sátidé yẹn nìkan ló mú mi jáde.

Mo wá lọ sílé ní oṣù Kejìlá lẹ́yìn tí kílò 13 ti kúrò lára mi. Ẹ̀yin èèyàn mi, mo rò pé wọ́n á kí mi kú oríire. Màámi gbá mi mú, wọ́n fọwọ́ tẹ egungun èjìká mi, wọ́n bú sẹ́kún. "O ti rù! Kí ni wọ́n ń fún ọ jẹ níbẹ̀?" Àbúrò bàbá mi pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó bi mí bóyá ìyàwó mi ń dáná. Nígbà tó di ọjọ́ Àìkú, wọ́n ti kó mi síwájú pẹpẹ, wọ́n ń gbàdúrà ìwòsàn fún mi. Ara mi le koko! Mo ti sá kìlómítà 5 láàárọ̀ ọjọ́ náà kí n tó lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì.

Ohun tó dùn mí jù ni pé mo jẹun. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko, mo jẹ ohun gbogbo tí wọ́n gbé síwájú mi kí ọkàn wọn lè balẹ̀. Kílò 5 ni mo gbé padà sí London. Òtútù ò dá mi dúró, àárẹ̀ ò dá mi dúró. "O ti rù" ló gbé mi ṣubú. Ìyá Ìbejì, ẹ tètè múra ìdáhùn yín sílẹ̀.

Nọ́ọ̀sì Àdúgbò (Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 6:15 àárọ̀)

Adérìn, ẹ kú ìpamọ́ra màmá. Ṣùgbọ́n kò sí òfin kan tó ní 10,000. Ẹ̀rọ tó ń ka ìṣísẹ̀, tí wọ́n tà ní Japan ní 1965, ni nọ́ńbà yẹn ti wá, torí orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ túmọ̀ sí "ẹ̀rọ tó ń ka ìṣísẹ̀ ẹgbàárùn-ún". Ọjà ni wọ́n ń tà. Ẹni tó ń rìn 3,000 tó bá dé 6,000 ti ṣe gudugudu méje.

Alájọ Kútọ̀ (Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 10:02 àárọ̀)

Owó ló ń mú Yorùbá ṣe nǹkan, ẹ jẹ́ ká sòótọ́.

Àwa obìnrin mẹ́fà l'Abẹ́òkúta dá àjọ. Ẹnì kọ̀ọ̀kan ń dá ₦2,000 lọ́sẹ̀, ẹnì kan ń kó o bí àjọ ṣe máa ń rí. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò bá jáde wá rìn, ₦500 ni lójúmọ́, a ó yọ ọ́ nígbà tó bá kan án láti kó. Ẹ ò ní gbà gbọ́! Ẹni tó ní ẹ̀yìn ń dun òun ló ń kọ́kọ́ dé. Oṣù mẹ́jọ la fi ṣe é, kò sẹ́ni tó pa á jẹ ju ọjọ́ mẹ́rin lóṣù lọ.

Ẹni Tó Sá Fún Àjọ (Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 10:47 àárọ̀)

Mo ti ṣe irú ẹ̀ rí. Ìyá kan ń forúnkún wíwú rìn nítorí ₦500. Ẹlòmíràn ń fi fọ́tò àná ránṣẹ́. Ìjà tó tẹ̀yìn ẹ̀ yọ, títí dòní a kì í kíra. Nígbà tí àjọ sì parí, ìrìn parí.

Alájọ Kútọ̀ (Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 11:20 àárọ̀)

Ẹ ò yan olórí àjọ tó mójú ni. Tiwa, ẹni tó bá ń ṣàìsàn kì í san nǹkan kan, a ó lọ kí i nílé. Nígbà tí àjọ tán, mẹ́ta nínú wa ṣì ń rìn. Mẹ́ta nínú mẹ́fà, mi ò rò pé ó burú.

Tíṣà Ìdànrè (Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 5:33 ìrọ̀lẹ́)

Ìyá Ìbejì, ọmọ mi, ẹni ọdún 68 ni mí, mo ti fẹ̀yìn tì. Mo ka gbogbo ohun tí àwọn èèyàn kọ. Mo fẹ́ jẹ́wọ́ nǹkan kan fún ọ: èmi kò fẹ́ràn eré ìdárayá. Gbogbo Sátidé ni mo ń gun Òkè Ìdànrè, àtẹ̀gùn rẹ̀ lé ní 600, ibi ìsinmi kejì ni mo máa ń dé kí n tó sọ̀kalẹ̀. Kò sí Sátidé kan tí inú mi dùn láti lọ. Tí o bá ń dúró de ọjọ́ tí yóò wù ọ́, wàá dúró pẹ́.

Obìnrin kan ń ta bọ̀ọ̀lì lẹ́bàá ọ̀nà tí mò ń gbà. Tí n kò bá kọjá lọ́sẹ̀ kan, yóò bi mí: "Tíṣà, ibo lẹ lọ?" Èmi tí mo fi ọdún 33 pe ìwé orúkọ àwọn ọmọléèwé, alábọ̀ọ̀lì ló ń pe tèmi báyìí, ojú sì máa ń tì mí bí n kò bá wà níbẹ̀. Wá ẹni tí yóò máa bi ọ́. Kó má jẹ́ ọkọ rẹ, ìjà ni yóò dà.

Ní ti "o ti rù", sọ fún wọn pé dókítà ló ní kí o ṣe é. Àwọn ará wa kì í bá dókítà jiyàn lójú.

Ọ̀rọ̀ Ò Kọjá Ẹ̀bà (Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 8:00 alẹ́)

Nọ́ọ̀sì, mo gun ìwọ̀n lẹ́yìn tí mo jẹ àmàlà lánàá àti lónìí. Kílò 2 ti padà. Mi ò ní sọ̀rọ̀ mọ́.

Ìyá Ìbejì Apẹtẹ (ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lẹ́yìn náà, Ọjọ́bọ̀, 8:20 alẹ́)

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Mo ní kí n padà wá jábọ̀.

Ọ̀rọ̀ Bàbá Kánfáàsì ni mo mú lò. Ọkọ̀ méjì ni mo máa ń wọ̀ lọ síbi iṣẹ́: láti Apẹtẹ dé Mọ́kọ́lá, kí n tún wọ Micra láti Mọ́kọ́lá dé Sẹkitéríàtì. Mo gé ìkejì kúrò. Mo ń sọ̀kalẹ̀ ní Mọ́kọ́lá, màá wọ kánfáàsì, màá fẹsẹ̀ rìn ín dópin. Ìṣẹ́jú 35 ni lọ́jọ́ tó yá, 45 lọ́jọ́ tóòrùn bá mú. Mo ti fi bàtà iṣẹ́ sínú dúrọ́ọ̀ mi, mo sì ń gbé aṣọ ìnura kékeré kan àti bùbá kan dání, torí òógùn. Àwọn onímicra ò jẹ́ kí n rímú mí níjọ́ méjì àkọ́kọ́, gbogbo wọn ń fun fèrè sí mi. Wọ́n ti mọ̀ mí báyìí. Ọ̀kan ń pè mí ní "Ìyá Ológun".

Ọ̀sẹ̀ kẹta dé bó ṣe máa ń dé. Òjò rọ̀ fún ọjọ́ méjì, ibà mú Kẹ́hìndé, mi ò rìn rárá láti Ìṣẹ́gun dé Ẹtì. Mo ti mọ ara mi, mo ní ó ti tán nìyẹn. Ṣùgbọ́n ọjọ́ Ajé, mo ṣáà ní láti lọ síbi iṣẹ́, ọkọ̀ sì já mi sílẹ̀ ní Mọ́kọ́lá, ẹsẹ̀ mi kàn ń lọ ni. Mi ò bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun, mi ò gba ààwẹ̀, mi ò ra nǹkan kan.

Mo padà lọ wọn ẹ̀jẹ̀ ríru bí wọ́n ṣe ní kí n ṣe, wọ́n sì fún mi lóògùn kékeré kan. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, 134 lórí 86 ni. Mi ò mọ èyí tó jẹ́ ti òògùn àti èyí tó jẹ́ ti ẹsẹ̀. Kílò 91 àti díẹ̀ ni mo jẹ́. Wéésì mi ti kúrò ní ínǹṣì 43, ó ti di 41. Mo ń fi ṣíbí wọn epo báyìí, ọkọ mi ní ọbẹ̀ mi ti di ọbẹ̀ ọsibítù. Ìyá ọkọ mi náà ti dé: "Ìyá Ìbejì, ṣé kò sí o? Ojú rẹ ti lọ sínú." Mo ní dókítà ni. Wọ́n dákẹ́. Tíṣà, ẹ ṣeun sà.

Ẹni tó ń bi mí ni alákàrà ẹnu géètì wa níbi iṣẹ́. Mo mọ̀ pé alákàrà kọ́ ló yẹ kí n yàn, ẹ má rí mi wí.

Ìbéèrè kan ló kù. Òde ńlá wà fún ẹbí ọkọ mi ní ìparí oṣù Kejìlá, wọ́n ti pín aṣọ ẹbí, léèsì ni. Télọ̀ Adùnní, ṣé kí n fún télọ̀ mi rán báyìí, àbí kí n dúró?

Télọ̀ Adùnní (Ọjọ́bọ̀, 8:34 alẹ́)

Ẹ dúró. Ẹ gbé e lọ ní ọ̀sẹ̀ kìíní oṣù Kejìlá. Ẹ sọ fún un kó fi ínǹṣì kan àbọ̀ sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì, kó má gé e. Mo mọ ohun tí àwọn ìyá ọkọ máa ń gbé síwájú èèyàn lọ́dún.